Ìyá Alásè Tó Ń Fi Etí Se Ìrẹsì

Ìyá Alásè kì í ṣí ìkòkò wò. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ nìyẹn, nítorí èmi ní tèmi, bí mo bá gbé ìrẹsì kóńgò kan kaná, n ó ti ṣí ìdérí rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó jinná. Òun á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á yí ojú kúrò lọ́nà èéfín, á sì kọ etí sí ìkòkò bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ àṣírí. Bí omi bá ṣì pọ̀, ìkòkò á máa hó gùdùgùdù. Bí ìrẹsì bá ti ń mu omi náà, gùdùgùdù á di pọ́-pọ́-pọ́, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn á dé, tínrín, bí ẹni ń da yanrìn sórí páànù. Ìgbà yẹn ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, "Ẹ fa igi." Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún jáfara, ìrẹsì ọ̀ọ́dúnrún èèyàn jóná nìyẹn.

Inú oṣù kẹrin ọdún 2020 ni mo rí gbogbo èyí, ní àdúgbò wa ní Sàngó-Ọ̀tà, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde kónílé-ó-gbélé ọ̀sẹ̀ méjì fún Èkó àti Àbújá, ó sì fi Ògùn kún un, nítorí pé a fara ti Èkó, èrò sì ń lọ wọ́n ń bọ̀ láàárín méjèèjì. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún wá tọrọ pé kí ti Ògùn di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, kí aráàlú lè ráyè ra oúnjẹ sílé. Èrò rere ni. Àmọ́ ta ló ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ lójú kan ní Sàngó?

Àlejò lè rò pé ìlú tí iléeṣẹ́ bá pọ̀ sí, owó ló máa ń ṣàn níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe Indomie ní Ọ̀tà, wọ́n ń pọn ọtí, wọ́n ń rọ ike, wọ́n ń yọ́ irin. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ kò tì nígbà yẹn, òfin yọ̀ǹda fún wọn, a sì ń gbọ́ ìró tírélà wọn lóru. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti géètì wọn pa. Owó ojúmọ́ sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbà: ọjọ́ tí o bá wọlé ni wọ́n á kà fún ọ. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ní iléeṣẹ́, ìyàwó ń tajà lábẹ́ bíríìjì Sàngó, àbúrò ń gun ọ̀kadà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dí. Ìrẹsì fúnra rẹ̀ ti gbówó lórí kí àrùn tó dé, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba ti ti ibodè ilẹ̀ pa, títí kan ti Ìdí-Ìrókò tí ọ̀nà rẹ̀ gba àárín Ọ̀tà kọjá.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, ìwé ìnáwó sì wà lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti hàn lójú àwọn ọmọdé. A dá owó jọ. Ẹnìkan tó ní ṣọ́ọ̀bù gbé epo sílẹ̀, ẹnìkan fi ẹ̀wà ránṣẹ́, àwọn tó wà lókè òkun fi owó ṣọwọ́ sórí fóònù. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ká wọn ìrẹsì lágolo lágolo, ká pín in káàkiri. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún ló bi wá léèrè pé, "Gáàsì wo ni wọ́n fẹ́ fi sè é?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹni tí kò ní owó ìrẹsì, báwo ló ṣe fẹ́ ní ti gáàsì, ti ata, ti iyọ̀? Àwọn àjọ bíi Lagos Food Bank tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ máa ń di oúnjẹ tútù fún ìdílé, iṣẹ́ gidi sì ni, àmọ́ ilé tó ní ohun ìdáná ló máa tètè gbádùn irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. A pinnu pé oúnjẹ sísè la máa pín.

Èmi àti ọkùnrin mẹ́ta gba iṣẹ́ náà ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a fi tọkàntọkàn ṣe é. Nílé mi, ago ìrẹsì kan, ago omi méjì ni. A sọ ọ́ di ìlọ́po ìlọ́po, a bu omi lé e bẹ́ẹ̀, a ki igi bọ iná bí ẹni tó fẹ́ sun igbó. Nígbà tí a máa ṣí i, òkè rẹ̀ ti di ògì, àárín rẹ̀ le koko, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Òórùn ìjóná yẹn dé ojú títì. A pín in bẹ́ẹ̀ náà, àwọn èèyàn sì gbà á, wọ́n dúpẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jùlọ níbẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tó fi ìka yọ dúdú kúrò lára funfun, ó tò ó sétí àwo, kò sọ nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la ránṣẹ́ sí Ìyá Alásè.

Òpópónà kejì sí wa ló ń gbé. Gbogbo òde tó bá le ní Sàngó, láti ìkómọ dé òkú àgbà, òun ni wọ́n ń pè. Àmọ́ kò sí òde mọ́. Ìjọba ti fòfin de àpèjọ, gbogbo Sátidé dákẹ́ rọ́rọ́, ìkòkò rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dojú dé lẹ́yìn ilé, adìyẹ ń sun orí wọn. Ebi náà ti ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń wo tiwa. Ó dé, ó fi ìborùn dí imú, ó wo àjókù wa, ó họ díẹ̀ níbẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ ò ṣe búburú," ó ní. "Iná yín ló ń sáré, ìrẹsì yín ń rìn." Títí di òní, n kò tíì gbọ́ àlàyé tó ju ìyẹn lọ.

Kò bèèrè iye àpò ìrẹsì tó wà nílẹ̀. Iye èèyàn ló bèèrè. Àgbà mélòó, ọmọdé mélòó, ta ló lóyún, ta ló ń fọ́mọ lọ́yàn, ta ni kò léyín. Nígbà tí mo kà á fún un tán, ó wo òkè bí ẹni ń ka irin àjà, ó ní, "Àpò kan á bọ́ ọ̀ọ́dúnrún, yóò sì ṣẹ́kù fún àwọn ọlọ́dẹ." Mo délé, mo gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Ìrẹsì kílò 50. Bí ẹnìkan bá jẹ gíráàmù 150 ìrẹsì tútù, tó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì tó dáa, èèyàn 333 ni. Ó wo àjà lásán, ó sì fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń dáná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Igi ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní àdúgbò iléeṣẹ́ bíi tiwa, pákó pálẹ́ẹ̀tì ni igi ìdáná tó sún mọ́ ni jùlọ, àwọn ọmọ sì ti kó o jọ gègèrè. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn wọn. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dà, ó jù ú nù. Èyí tí kẹ́míkà ti ta sí, ó jù ú nù. Èyí tó gbẹ tí kò sì rùn ló fi sílẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀ kúrò nítorí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé. Ó ní èéfín ọ̀dà kì í hàn lójú oúnjẹ, inú ikùn ló ti máa ń sọ̀rọ̀. Ìdajì ohun tí wọ́n kó wá ló ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan omi. Mo ní kí n bu ìlọ́po méjì ìrẹsì. Ó rẹ́rìn-ín. Ìkòkò kékeré máa ń pàdánù omi púpọ̀ sínú afẹ́fẹ́, torí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí a bá fi wé ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e, ooru ọ̀hún kò ríbi gbà jáde, ó ń padà sórí ìrẹsì ni. Nítorí náà bí ìrẹsì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó ń bù sórí ago kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Kò fi ago wọ̀n ọ́n. Ó ti ọmọrógùn bọ inú ìkòkò títí ó fi kan ìrẹsì, ó fà á jáde, ó wo ibi tí omi dé lára igi náà, ó fi èékánná sàmì síbẹ̀. Ọmọrógùn yẹn kún fún àmì èékánná láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n. Ó ní, "Òde tí mo ti lọ ni."

Iyọ̀ náà kì í bá ìrẹsì pọ̀ sí i lójú kan. Ó ń bu ìdajì ohun tí èmi ì bá bù, ó ń dúró, kó tó fi díẹ̀ kún un. Iyọ̀ tó bá wọlé kò ṣeé yọ, iye ẹnu tí ń dúró de oúnjẹ yẹn kò sì ní ìrẹsì mìíràn.

Ọjọ́ mìíràn ó máa ń po ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà, torí ẹ̀wà ló ń gbé ikùn ró dalẹ́. Ibí yìí ni mo ti rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ ń lọ sórí iná, láìsí iyọ̀, nítorí ó ní iyọ̀ tó bá tètè wọlé ń sọ ẹ̀wà di òkúta. Ó ń mú hóró kan, ó ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bó bá fọ́ pátápátá, ó ti pẹ́ jù, ìrẹsì tó bá bá a níbẹ̀ á bá ẹ̀wà tó ti di ògì nínú ìkòkò. Bí kò bá fọ́ rárá, ó yá jù, ẹ̀wà á máa dún lẹ́nu. Ohun tó ń wá ni hóró tó máa là sí méjì tí àárín rẹ̀ á ṣì funfun díẹ̀, bí ojú ọmọ tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ń da ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n ti wẹ̀, lé e. Láti ìgbà náà, ìrẹsì àti ẹ̀wà á jọ gúnlẹ̀ lákòókò kan náà. Ní gbogbo ìgbà tí mo wò ó, ẹ̀ẹ̀kan ni ó kùnà, ó sì mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ. Ó ní kí wọ́n fi omi gbígbóná díẹ̀ wọ́n etí ìkòkò, kí wọ́n dé e, kí wọ́n má fi ọwọ́ kàn án mọ́.

Rírò rẹ̀ pẹ̀lú ní ọgbọ́n. Àwa ti fi ọmọrógùn po ìrẹsì wa bí ẹni ń ro àmàlà, ìdí tó fi di ògì nìyẹn. Òun ń ti ọmọrógùn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ sísàlẹ̀ pátá, á gbé ìsàlẹ̀ wá sókè lẹ́ẹ̀kan, á yí ẹsẹ̀ padà, á tún gbé e lẹ́ẹ̀kan. Ó tán. Bí wọ́n bá ti fa igi, ẹyín iná á ṣẹ́ kù lábẹ́. Ó ń bu díẹ̀ nínú ẹyín náà sórí ìdérí, kí ooru máa ti òkè bọ̀ kó pàdé ti ìsàlẹ̀. Òórùn òde ariyá ni òórùn tó ń jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́ òórùn yẹn nínú oṣù tí kò sí ariyá. Mo mọ ọ̀kan dáadáa tó sunkún, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ara mi.

Ìjọba Ògùn máa ń tú wa sílẹ̀ lọ́jọ́ kan yọ ọjọ́ kan, láti aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ni Ìyá Alásè ń lọ sọ́jà, ọjọ́ ìsémọ́lé ló ń dáná. Nítorí náà, ata tó bá lọ lónìí ọ̀la ló máa sè, kò sì sí iná mọ̀nàmọ́ná tó ṣeé gbọ́kàn lé. Ó máa ń din ata náà títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí epo á yọ sókè, tí gbogbo rẹ̀ á máa ta pẹ́pẹ́. Ó ní omi ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ kan. Epo kò ní ìkà nínú. Bákan náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n di ìrẹsì gbígbóná sínú ike kí wọ́n sì dé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó mí. Oúnjẹ tí ooru rẹ̀ bá rì padà sí i lára, kó tó dọwọ́ ẹni ìkẹyìn ó ti ń yọ̀. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, kò sí inú kan tó run. Mo bi ilé kọ̀ọ̀kan léèrè, torí ẹ̀rù ń bà mí.

Ìgbà tó kan pípín ni mo mọ̀ pé sísè kò tíì le. Nǹkan tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá ni èrò. Àrùn wà nílẹ̀, ìjọba ní kí èèyàn má gbá jọ, ẹni tí ebi ń pa kò sì mọ òfin. Ìyá Alásè kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni wá síbi ìkòkò. Ilé kọ̀ọ̀kan yan ọmọ kan, ọmọ náà ń wá pẹ̀lú abọ́ ilé wọn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, a ń pè wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn tó kù wà nílé. Ìgbakọ kan ṣoṣo ló ń lò. Ó ń bu ìrẹsì, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ìgbakọ nu etí ìkòkò, èyí tó bá yọrí kúrò á bọ́ padà sínú. Mo dúró tì í pẹ̀lú bírò mi. Àwo kìíní àti àwo ọ̀ọ́dúnrún, ẹ kò lè mọ èyí tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ń pín nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ máa ń là níbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa ká bí ìdí ìkòkò bá ti ń hàn. Tirẹ̀ kò ká.

Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 kú ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ṣèlérí ẹ̀bùn àti oúnjẹ fún wọn, tí èrò sì ya lu ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn tún kú ní Òkìjà ní Ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Àwọn tó fẹ́ fún wọn kò ní ìkà nínú. Oúnjẹ wà, àánú wà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn ní mẹ́wàá mẹ́wàá ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá nínú irú iṣẹ́ yìí lágbàáyé ni José Andrés, alásè ọmọ Sípéènì tó ń gbé Amẹ́ríkà, tó dá World Central Kitchen sílẹ̀ lọ́dún 2010 lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní Háítì. Nígbà tí ìjì Maria run Puerto Rico lọ́dún 2017, àwọn àti àwọn alásè ibẹ̀ se oúnjẹ tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta àwo lọ. Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ kéré sí ìyẹn. Ó ní ní Háítì, òun se ẹ̀wà dúdú tí òun rò pé ó dára fún àwọn èèyàn, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì sọ fún un pé báyìí kọ́ làwọn ń jẹ ẹ́, pé lílọ̀ làwọn ń lọ̀ ọ́ tó fi ń dà bí ọbẹ̀. Alásè ńlá gbọ́, ó sì lọ̀ ọ́. Ebi kò pa ahọ́n àwọn obìnrin yẹn. Ìyá Alásè kò gbọ́ orúkọ José Andrés rí, àmọ́ nígbà tí ẹnìkan fẹ́ kó fi ìrẹsì funfun lásán lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ torí pé "ìrànwọ́ sáà ni," ó dáhùn pé, "Ṣé ẹni tí kò lówó kò mọ ata ni?"

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, ní àárín oṣù kẹrin náà, ìbẹ̀rù mìíràn tún gorí ti àrùn. Ìròyìn gbòde pé àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Awawa àti One Million Boys ń wọ àdúgbò, láti Agége àti Ifákò dé Ìjàyè, Agbádó títí dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọkùnrin kò sùn mọ́. Wọ́n ń sun táyà sí oríta, wọ́n ń lu irin, wọ́n ń fọn fèrè. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí Ìyá Alásè fi sílẹ̀ níjọ́sí ló wá wúlò. Àmọ́ ó kọ̀ láti gbé ẹ̀bà fún wọn. Ó ní ẹ̀bà aago kan òru ló ń sọ ọlọ́dẹ di òkú. Ògì gbígbóná tó ki díẹ̀ ló ń pò fún wọn, pẹ̀lú àkàrà tó din kíkan, tí ata rẹ̀ lè jí ẹni tó ń tòògbé. Ìdí ìkòkò ìrẹsì, tó ti pọ́n tó ń fọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ló ń pa mọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n ń jà lé e lórí bí ẹran. Nígbà tí àwẹ̀ Rámádánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó gbé iná tó ń dá lọ́sàn-án sún mọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ìrẹsì tó jinná lè bá àkókò ìṣínu mu, ó sì tọ́jú tàwọn tí kì í gbààwẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun kan wà nínú ìwé mi tí kò bára mu. Ní gbogbo ọjọ́ ìdáná ni àwo máa ń ju iye abọ́ tí a pè lọ, àwo méje gérégé. Mo bi í. Ó ní, "Ìtọ́wò ni." Mo kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀: ìtọ́wò, 7. N kò bínú sí i, torí èmi náà wà nínú àwọn atọ́wò. Ní gbogbo ọjọ́ ìdáná ló máa ń rán ọmọ kan sí ilé mi pẹ̀lú àwo ńlá tó bò dáadáa, ọmọ á kúnlẹ̀: "Ìyá ní kí ẹ bá àwọn tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, pé ahọ́n àwọn ti kú nínú èéfín." Èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ìbejì á tọ́ ọ wò títí àwo á fi gbẹ. Mo sì máa ń ránṣẹ́ padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé iyọ̀ tó, tàbí pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Inú mi dùn pé ó ka ahọ́n mi sí.

Inú oṣù karùn-ún ni mo bá aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ lórí fẹ́ǹsì, ọ̀gá níléeṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rọ̀ kan Ìyá Alásè. Ó ní, "Èmi ni mo ń bá a tọ́ iyọ̀ wò." Mo ní, "Ìwọ kẹ̀?" Àwa méjèèjì dákẹ́. Ilé méje ni wọ́n, gbogbo wọn ni ó ní géètì, gbogbo wọn ni kò rán ọmọ wá pẹ̀lú abọ́ nítorí ojú ń tì wọ́n. Iléeṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti fi fóònù sọ fún wa ní ìparí oṣù kẹta pé kò sí owó oṣù tó ń bọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún ẹgbẹ́ tí mo ń ṣe akọ̀wé fún. Ìgbà tó yá ni mo bi Ìyá Alásè pé ta ló sọ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ. Ó rí ìyàwó mi lọ́jà lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀ kìíní, ó ń ra gàrí lágolo, ó sì mọ̀ pé kóńgò ló ti ń rà látọdúnmọdún.

Ìwé ìnáwó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Owó ìrẹsì wà níbẹ̀, owó ẹ̀wà, owó epo tí a fi kún èyí tí wọ́n fún wa, owó ẹ̀rọ ata, ọ̀rá, ọṣẹ, iyọ̀, kódà owó ìṣáná. Mo tún un kà nígbà tí mo fẹ́ kọ èyí. Kò sí owó alásè níbẹ̀. Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró bíi tiwa, tó fi oṣù kan gbáko dúró nínú èéfín, a kò kọ kọ́bọ̀ sí iwájú orúkọ rẹ̀, nítorí a rò pé àánú ló ń ṣe. Èmi ni akọ̀wé. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀yin tí ìwé ẹgbẹ́ àdúgbò wà lọ́wọ́ yín, ní Ọ̀tà tàbí níbikíbi, ẹ kọ orúkọ alásè yín àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ láti òní, kí ẹ sì fa ìlà kan síwájú rẹ̀ fún owó ọwọ́ rẹ̀.